Bí Muriel Entwistle Ṣe Fẹ́ Kó Owó Rẹ̀ Kúrò Lọ́dọ̀ Janice

Ní Todmorden, ìlú kékeré kan nílẹ̀ òyìnbó, ènìyàn lè sọ fún ọ níbi tí ẹ ti ń dúró de bọ́ọ̀sì pé ọkọ òun ti kú, pé orúnkún òun ti bàjẹ́, pé ọmọ òun ọkùnrin wà lẹ́wọ̀n, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ tán kí bọ́ọ̀sì tó dé. Ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè iye tó ní ní báńkì, yóò gbójú sókè, yóò ní, “Ó jọ pé òjò fẹ́ rọ̀,” bẹ́ẹ̀ òjò ti ń rọ̀ láti àná.

Nítorí náà, iye tí Muriel Entwistle ní tí mo fẹ́ sọ fún un yín yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ó ta sí wọn létí lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún pọ́ùn ni.

Kò jalè, kò jogún. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, Wilf ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Ibi tí wọ́n ti rí pọ́ùn márùn-ún, wọ́n á gbé e lọ sí ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, wọ́n á ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí irú àkáǹtì tí ìjọba fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí pé òun kò ní gba owó-orí kankan lórí èlé rẹ̀. Ìlérí yìí dùn mọ́ Wilf ju oyin lọ. Ohun tí kò rò ni pé èlé tí kò tó nǹkan, ìjọba kò pàdánù ohunkóhun bí kò bá gba nǹkan lórí rẹ̀. Pọ́ùn kan àti pẹ́nì mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún pọ́ùn ni wọ́n ń san. Lọ́dún, ó jẹ́ igba pọ́ùn ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Kí Wilf tó kú, ó fi òfin kan sílẹ̀. “Muriel, adìyẹ ni owó yẹn. Ẹyin ni kí o máa jẹ. Ọjọ́ tí o bá pa adìyẹ, mo ń bọ̀ wá bá ọ.” Muriel kì í ṣe ẹni tó gbà pé òkú ń padà wá, ṣùgbọ́n ó mọ Wilf dáadáa, kò sì fẹ́ dán an wò.

Ohun tí Muriel fẹ́ kò tilẹ̀ pọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lọ́dún ni, ní etí òkun ní Filey, ní oṣù Kẹsàn-án, nílé ìgbàlejò Mísíìsì Peckitt, ní yàrá keje. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lòun àti Wilf fi lọ síbẹ̀. Nígbà kan tí ìdè fèrèsé yàrá náà ṣẹ́, tí atẹ́gùn òkun kò jẹ́ kí wọ́n sùn, Wilf gé ọwọ́ ṣíbí tíì kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi ṣe ìdè tuntun. Mísíìsì Peckitt ní òun yóò wá káfíńtà, kò wá a. Ṣíbí náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń di òkun Àríwá mú. Muriel fẹ́ dùbúlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó gbọ́ bí ó ṣe ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ nínú atẹ́gùn.

Ọdún mẹ́rin rèé tí kò ì lọ. Ọdún kìíní, ọ̀fọ̀ ni. Ọdún kejì, orúnkún ni. Ní ọdún kẹta, ọ̀fọ̀ ti fúyẹ́, orúnkún ti sàn, ni owó ilé Mísíìsì Peckitt bá gun òkè àjà: ẹgbẹ̀ta pọ́ùn ó dín mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ kan, oúnjẹ àárọ̀ àti tàṣálẹ́ wà nínú rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì Muriel ń ra oúnjẹ àti gáàsì, ibẹ̀ ló sì ń parí sí, lọ́dún kẹta àti lọ́dún kẹrin.

Ní ìparí oṣù Kejì, Mísíìsì Peckitt fóònù.

“Muriel, tọkọtaya kan láti Leeds fẹ́ yàrá keje. Ọ̀sẹ̀ yín gan-an ni wọ́n fẹ́.”

“Lọ́dún yìí nìkan?”

“O mọ ilé mi. Ẹni tó bá gba ọ̀sẹ̀ kan, tirẹ̀ ni títí ikú. Ọmọ ogójì ọdún ni wọ́n, wọ́n sì ń sáré lórí yanrìn láàárọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Muriel lára. Ẹni tó ń sáré lórí yanrìn láàárọ̀ kì í tètè kú.

“Mo fi dè ọ́ di Sátidé, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin,” ni Mísíìsì Peckitt wí. “Bí o bá ti lè sọ pé ò ń bọ̀, ó tó. Kó owó wá lọ́wọ́ nígbà tó o bá dé.”

Ibi tí Beryl ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àbúrò Muriel ni Beryl, ó fi ọdún mẹ́ta kéré sí i, kò sì tíì gbà rí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún tó kọjá, Beryl kó owó tirẹ̀ lọ sí báńkì kan tó wà nínú fóònù: kò ní ilé, kò ní káńtà, kò lẹ́ni tí í kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n pọ́ùn mẹ́rin àti ọgọ́ta pẹ́nì ni wọ́n kéde lórí ọgọ́rùn-ún, owó-orí kò sì wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, Beryl kò lè jókòó bu tíì láìmẹ́nu bà á.

“Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,” ó wí, ó ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì Muriel bí ẹni pé èlé tirẹ̀ ló rà á, “owó rẹ ń sùn. Tèmi jí láago mẹ́fà, ó ti lọ síbi iṣẹ́.”

“Tí owó rẹ bá ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o wá ń jẹ bọ́tà mi?”

“Mo wá ṣàánú rẹ ni. Mú bírò.”

Muriel fa àpótí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó yọ ìwé pélébé kan. Irú àwọn ìwé aláwọ̀ mèremère wọ̀nyẹn ni, èyí tí Janice tó ń jókòó sídìí káńtà ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ máa ń há sínú ìwé rẹ̀ nígbàkígbà tó bá lọ. Ẹ̀yìn wọn funfun nini, ó sì dára púpọ̀ fún kíkọ ohun tí ènìyàn fẹ́ rà lọ́jà. Ọdún méjì ni Janice ti ń há a fún un, Muriel sì ń gbà á tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó dá a lójú pé ìwé ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wọn, ó sì dára kí ènìyàn ran ọmọ náà lọ́wọ́ láti dín in kù.

Ẹ̀yìn ìwé yẹn ni wọ́n ti ṣírò. Èlé ti àtẹ̀yìnwá, igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, yóò wọlé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹrin. Bí owó náà bá ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn ará inú fóònù, yóò máa bí ọgọ́rin pọ́ùn lóṣooṣù. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án jẹ́ oṣù márùn-ún. Kí Muriel tó dé Filey, ẹgbẹ̀ta pọ́ùn yóò ti wà nílẹ̀, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Adìyẹ kò kú, yàrá keje kò bọ́.

“Ó tán,” ni Beryl wí. “Lọ sọ fún wọn pé ò ń lọ.”

Muriel gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. “Ta ni màá sọ fún?”

“Ta ni ò bá tún sọ fún? Janice.”



Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Janice Crowther jẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, Muriel ló ń bu oúnjẹ fún un nílé-ìwé. Janice kórìíra awọ tó máa ń dì lórí kọ́sítádì, Muriel a sì fi ẹ̀yìn ṣíbí yọ ọ́ fún un kí olùkọ́ tó rí i. Ọmọ náà dàgbà, ó dé ìdí káńtà, ó sì lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Muriel ń lọ kí i, bí owó wà bí kò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Wilf, Janice ti káńtà láago mọ́kànlá, ó wá dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí o fẹ́ lọ wò lójú kí o ní, “Bó o ṣe ń bá mi tọ́jú owó ò dáa tó,” nìyẹn.

“Báńkì ni, Muriel! Kì í ṣe ọkọ!” ni Beryl wí.

“Ọkọ sàn. Ọkọ á ti máa fura.”

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹta, ó wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀ tó dára, ó gbéra.

“Ẹ káàárọ̀ o, Mísíìsì Entwistle,” ni Janice wí láti ẹ̀yìn gíláàsì. “Mo ti rí yín lójú fèrèsé, mo ti tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín sílẹ̀. Orúnkún ńkọ́?”

“Ó ń ṣe dáadáa, ọmọ mi. Mo wá… mo fẹ́…”

“Ẹ fẹ́ kí ni?”

“Mo fẹ́ fi pọ́ùn mẹ́wàá sí i.”

Janice wo pọ́ùn mẹ́wàá náà. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, ó há ìwé pélébé kan sí i láàárín, ó rọra fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tì í jáde lábẹ́ gíláàsì. Muriel dúpẹ́. Ó ra ẹyin bọ̀ wálé, ó kọ “ọṣẹ” àti “ànàmọ́” sẹ́yìn ìwé náà, kí ó má baà ṣòfò.

“O lọ kó owó jáde,” ni Beryl wí, “o wá kó owó wọlé?”

“Ó béèrè orúnkún mi.”

Ní ìgbà kejì, Muriel kọ lẹ́tà. Ó lọ́gbọ́n nínú: yóò kàn tì í gba abẹ́ gíláàsì, yóò sì yára jáde kí Janice tó kà á dé “má bínú.” Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibẹ̀, ènìyàn mẹ́rin tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní Todmorden, ẹni tó bá jalè, adájọ́ ni yóò dá a lẹ́jọ́. Ẹni tó bá dá àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ dúró, gbogbo wọn ni yóò dá a lẹ́jọ́, láìsọ̀rọ̀, sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

“Ẹ tún dé!” inú Janice dùn. “Ẹ mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀ yín lánàá? Ọmọ ọmọ mi ò jẹ kọ́sítádì nítorí awọ orí ẹ̀. Mo ní ẹnì kan péré ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láyé yìí.”

Lẹ́tà náà padà sínú báàgì. Ogún pọ́ùn ló jáde.

Beryl gbọ́ ti ogún pọ́ùn. Ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wo ẹṣin tó ń fi ẹ̀yìn rìn.

“Gbọ́ mi,” ó wí nígbẹ̀yìn. “O ò tiẹ̀ gbọdọ̀ gbà á sọ́wọ́. Bí o bá fọwọ́ ara rẹ kó o jáde, ìbora tí kò jẹ́ kí owó-orí wọ̀ ọ́ á ṣí. Fọ́ọ̀mù lo máa kún sọ́dọ̀ àwọn tuntun, àwọn fúnra wọn á sì fà á lọ látọ̀dọ̀ Janice. O ò ní wò ó lójú rárá.”

“Kí ọmọ yẹn dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kí ó bá àyè mi lófìfo?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kó má ní ẹ ṣé, kó má ní ó dàbọ̀, bí ọkọ tó fi lẹ́tà ti ìkòkò tíì kó tó sá lọ?”

“Muriel, àwọn ará Leeds ti ń ká ṣòkòtò eré-sísá wọn sínú àpótí.”

Èyí gún un. Ó dá ọgbọ́n kẹta: yóò lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ìsinmi Janice, yóò sọ fún ọmọkùnrin tó ń gbélé dè é pé ó dìgbà kan ná. Ó gba àárín ọjà kí ó má baà gba ojú ilé Janice. Janice ló wà nídìí tábìlì wàrà-kàṣì, ó tò, òun ló kàn.

“Mísíìsì Entwistle! Níbo lẹ̀ ń lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Wàrà-kàṣì,” ni Muriel wí. Kì í jẹ wàrà-kàṣì. Ó ra ìlàjì kìlò èyí tó ní èbu aláwọ̀ aró nínú, nítorí òun ló sún mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e lọ sílé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n mú níbi tó ti ń fo fẹ́ǹsì.

Báyìí ni oṣù Kẹta ṣe lọ. Ní Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, Muriel se parkin, kéèkì alátalẹ̀ àwọn ará ibẹ̀, nítorí parkin gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ mélòó kan jókòó sínú agolo kí ó tó rọ̀, bí ìpinnu. Alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó fa àpótí, ó yọ ìwé pélébé tó mọ́ jù, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sẹ́yìn rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá wo ojú Janice, ọ̀rọ̀ yóò tán lẹ́nu òun. Yóò wo ìwé. Yóò kà á tán. Yóò fún un ní kéèkì. Yóò lọ.

Ó dé ibẹ̀ láago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Sátidé náà, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó gbé kéèkì lé káńtà. Ó gbé ìwé náà sókè níwájú gíláàsì, níbi tí iná ti mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ tán nítorí ó gbàgbé gíláàsì ojú sílé.

“Janice,” ó kà, “láti ìgbà tí orí rẹ kò ì tó káńtà ilé ìdáná mi ni mo ti mọ̀ ọ́. O kò ṣẹ̀ mí rí. Wilf fẹ́ràn rẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe nítorí pé…”

Ariwo kan jáde lẹ́nu Janice, bí ìgbà tí omi bá fẹ́ hó. Muriel kò gbójú sókè.

“…kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ rẹ kò dára. Èlé yín ló kéré. Mo ti rí ibòmíràn. Ó dùn mí dé egungun. Mo se kéèkì.”

Ó parí. Ó wo ojú Janice nígbẹ̀yìn. Omi ń ṣàn lójú Janice, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

“Háà, má sunkún, ọmọ mi…”

“Muriel,” ni Janice wí. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó pe orúkọ rẹ̀ lásán. “Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ yí ìwé yẹn padà.”

Muriel yí i padà. Ó sún un sún sẹ́yìn títí ó fi lè kà á. Ní iwájú rẹ̀, ní lẹ́tà pupa tó ga tó àtàǹpàkò, wọ́n kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ ìfowópamọ́ yìí kan náà ní àkáǹtì kan tí owó-orí kò wọ̀, tó ń san pọ́ùn mẹ́rin àti ọgbọ̀n pẹ́nì lórí ọgọ́rùn-ún, tó sì ń san án lóṣooṣù fún ẹni tó bá fẹ́.

“Wọn ò gbà fún mi láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó yẹ kó ṣí owó ẹ̀,” ni Janice wí, ó ń nu ojú. “Òfin ni. Bí mo bá gbani nímọ̀ràn, iṣẹ́ lọ. Ìwé nìkan ni mo lè gbé síwájú yín. Ọdún méjì ni mo ti ń gbé e! Mo ti fi ìka gbá a! Lọ́dún Kérésì, mo fi bírò ya ìlà sábẹ́ ẹ̀!”

“Mo rí ìlà náà,” ni Muriel wí. “Mo rò pé ọwọ́ ló ṣì ọ́.”

“Kí lẹ wá ń fi wọ́n ṣe?”

Muriel ronú lórí irọ́, kò rí èyí tó dára. “Ànàmọ́,” ó wí.

Ẹ̀rín tún gbé Janice lọ sábẹ́ káńtà fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó mú fọ́ọ̀mù kan lọ́wọ́. Kò gùn ju ojú ewé kan lọ. Owó náà kò ní kúrò nínú ilé, kàkà bẹ́ẹ̀ yóò ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, ìbora owó-orí rẹ̀ kò ní ṣí. Muriel fọwọ́ sí i. Janice tẹ ẹ̀rọ ìṣírò: pọ́ùn márùndínlọ́gọ́rin lóṣooṣù, lọ́nà márùn-ún, pẹ̀lú igba ó lé mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó lé pọ́ùn díẹ̀ ní ẹgbẹ̀ta. Bí wọ́n bá san owó Mísíìsì Peckitt, pọ́ùn mẹ́rìndínlógún yóò ṣẹ́ kù fún ẹja díndín.

“Mo lè yá fóònù yín lò?” ni Muriel béèrè. Kò yá fóònù ẹnikẹ́ni lò rí láyé rẹ̀. Janice na tirẹ̀ sí i gba abẹ́ gíláàsì.

“Mísíìsì Peckitt? Muriel ni. Sọ fún àwọn ará Leeds kí wọ́n lọ sáré níbòmíràn… Bẹ́ẹ̀ ni. Yàrá keje. Ṣíbí náà ńkọ́? Ó ṣì wà? Ó dáa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi epo sí i o.”

Wọ́n jẹ lára kéèkì náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún gíláàsì. Ó ti rọ̀ dáadáa.

“Báńkì ibòmíràn tí ẹ rí yẹn,” ni Janice wí, ó ń lá ìka, “mi ò gbà yín nímọ̀ràn o. Mo kàn ń béèrè ni. Ṣé kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń san iye yẹn?”

Muriel gbé ìbéèrè náà lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí Beryl dé láago mẹ́rin, ó jẹ́ kí ó fi bọ́tà pa búrẹ́dì tán ná.

“Beryl, oṣù wo lo wọ inú fóònù yẹn?”

“Oṣù Kìíní, ọdún tó kọjá. Kí ló dé?”

“Kò sí nǹkan. Wo iye tí wọ́n ń san báyìí.”

Beryl fi ìka pa fóònù rẹ̀ lójú, ó tún pa á, ó gbé e sún mọ́ imú. Ẹnu rẹ̀ dẹ́kun jíjẹ. Láti oṣù Kìíní ọdún yìí, pọ́ùn kan ó lé pẹ́nì márùn-ún ni wọ́n ń san. Kò tó ohun tí Muriel ń gbà nígbà tí owó tirẹ̀ ń sùn.

“Lọ sọ fún wọn pé ò ń lọ,” ni Muriel wí.

“Ta ni màá sọ fún?” ni Beryl béèrè. “Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀!”

Muriel fa àpótí, ó yọ ìwé pélébé kan tí kò kọ nǹkan ju ànàmọ́ sí, ó gbé e kalẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó sì fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Kò gbà á nímọ̀ràn kankan.

Ọgbọ̀n pọ́ùn tó kù, èyí tí ìtìjú kó wọlé lọ́jọ́ tó yẹ kí ó kó owó jáde, Muriel ní kí Janice fi í síbẹ̀. Èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn kan àti pẹ́nì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ́dún, ìjọba kò sì ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sí i, yóò tó owó wàrà-kàṣì.